Ògiri Tí Iyọ̀ Ń Jẹ ní Gonzagueville

  

Ọ̀rọ̀ ògiri ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn tó ń dán o. Ògiri tó ti gbó ni mò ń wí, tí ọ̀dà rẹ̀ ń bó lábala-lábala, tí omi òjò ti fa ìlà dúdú sí lára láti ìdí páànù délẹ̀. Àwọn ayàwòrán kan wà tó jẹ́ pé irú ògiri bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń gbé kámẹ́rà wá kiri. Bí wọ́n bá kọjá lára ilé tó rẹwà, wọn ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí ẹ̀yin àti èmi bá ti ń yíjú kúrò ni wọ́n máa dúró sí. Ẹ má sì retí òwe ògiri àti aláǹgbá lẹ́nu mi lónìí. Òwe yẹn ti ṣiṣẹ́ tó, ẹ jẹ́ kó lọ sinmi.

Gonzagueville ni mo fẹ́ mú yín lọ. Bí ẹ bá kúrò ní pápákọ̀ òfurufú Félix Houphouët-Boigny ní Abidjan, tí ẹ dorí kọ Grand-Bassam lójú ọ̀nà àtijọ́, ẹ ó kọjá ní Adjouffou kí ẹ tó dé ibẹ̀. Òkun Àtìláńtíìkì á wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, ọ̀sà Ébrié á wà lọ́wọ́ òsì. Yanrìn tó wà láàárín omi méjèèjì ò fẹ̀, orí rẹ̀ náà ni èrò sì kún sí: ọmọ onílẹ̀, ará Burkina Faso, ará Ghana, ará Togo, ará Benin, àti àwa. Anago ni wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá ní Côte d'Ivoire. Nínú Anago wọ̀nyí, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó pàdé ọmọ Èjìgbò. Ìrìn-àjò láti Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sí Abidjan ti pẹ́ débi pé ẹ máa gbọ́ èdè Faransé lọ́jà Èjìgbò, bọ́ọ̀sì sì ń gbéra níbẹ̀ tààrà lọ sí Abidjan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń jẹ ògiri níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ tó ń yà á ni kì í bèèrè. Iyọ̀ ni. Afẹ́fẹ́ òkun ń gbé e wá tọ̀sán-tòru. Ìyẹn nìkan kọ́: ilé tí wọ́n bá fi yanrìn etí òkun pò mọ́ sìmẹ́ńtì, iyọ̀ ti wà nínú bíríkì rẹ̀ kí wọ́n tó tò ó. Omi abẹ́ ilẹ̀ náà ò jìnnà sókè, ògiri á máa fà á mu láti ìpìlẹ̀. Bí oòrùn bá wá ràn, omi á gbẹ lọ, iyọ̀ ò ní bá a lọ. Á dì sínú àwọn ihò tíntìntín tó wà nínú sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri, á máa tóbi sí i, á sì máa ti ọ̀dà síta bí àgbàdo tó ń hù ṣe ń ti ilẹ̀ sókè. Ibi tí ẹ bá rí tó wú lára ògiri, tó sì rún sílẹ̀ nígbà tí ẹ fọwọ́ kàn án, iyọ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ tọ́ ọ wò. Èmi tọ́ ọ wò.

Ti irin tún burú jù. Ọ̀pá irin tó wà nínú kọnkéré á dógùn-ún. Irin tó bá sì dógùn-ún, wíwú ló máa ń wú, á fẹ́ gba àyè ju èyí tó gbà tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, bẹ́ẹ̀ kọnkéré tó yí i ká ò lè fẹ̀ fún un. Òun ló fà á tí òpó ilé fi ń sán lóròó, tí kọnkéré ń já bọ́, tí irin pupa wá yọ síta. Ìlà dúdú tí omi òjò fà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló rò pé èéfín ni. Ohun abẹ̀mí ni, irú ewédò kan tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i lọ́kọ̀ọ̀kan, tó máa ń hù síbi tí omi bá ti ń ṣàn tí kì í tètè gbẹ. Ní ìlú tí òjò ńlá ti ń rọ̀ láti oṣù karùn-ún wọ oṣù keje, ewédò ò wá ilé tì.

Ẹni tó bá mọ ìwọ̀nyí á dúró níwájú ògiri, á mọ ibi tí omi gbà wọlé, á mọ apá tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́ wá, á sì mọ iye ìgbà tí wọ́n ti kùn ún. Mo rí ọ̀kan tó jẹ́ pé àwọ̀ ewé ló wà lókè, pupa rẹ́súrẹ́sú wà lábẹ́ rẹ̀, búlúù wà lábẹ́ pupa, kí sìmẹ́ńtì tó yọ. Lára búlúù yẹn, ẹnì kan ti fi èédú ṣírò owó síbẹ̀ nígbà kan rí. Wọ́n kùn ún mọ́lẹ̀. Iyọ̀ wá ṣí i sílẹ̀ padà: 2500, 5000, 1500. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, kò kọ àròpọ̀. Bóyá gbèsè ni, bóyá owó èsúsú ni, bóyá owó ẹja ni. Ẹni tó kọ ọ́ lè ti kó kúrò nínú ilé náà tipẹ́tipẹ́.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, ohun tó ń mú kí ara ògiri hàn nínú fọ́tò ni kí oòrùn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kó má kọjú sí i gan-gan. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ wá, ibi tó wú á ní òjìji, ibi tó sán á ṣókùnkùn. Etíkun Gonzagueville lọ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, nítorí náà gúúsù ni ògiri tó kọjú sí òkun ń wò. Lóṣù kẹfà, apá àríwá ni oòrùn ń gbà kọjá lórí Abidjan, inú òjìji ni ògiri yẹn máa wà. Lóṣù kejìlá, oòrùn á ti bọ́ sí gúúsù, ìmọ́lẹ̀ á sì máa yọ́ sọ̀kalẹ̀ lára rẹ̀ láti òkè lọ́sàn-án gangan. Ẹni tó bá lọ lóṣù kẹfà tó ní kò sí nǹkan kan lára ògiri náà, kó padà lọ nígbà Kérésì. Òjò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá náà dára, ara ògiri tó tutù máa ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n sí i. Fóònù ọwọ́ yín tó o ṣe. Ẹ gbé e kó dọ́gba pẹ̀lú ògiri, ẹ pa iná rẹ̀, ẹ sì máa nu ojú rẹ̀ dáadáa, torí iyọ̀ tó ń jẹ ògiri ò ní dá tiyín sí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ fọ́tò ni mo tẹ̀ lé kiri níbẹ̀. Ó ń ya ẹ̀yìn ilé ayálégbé kan nígbà tí màmá kan jáde wá ká aṣọ tó sá sórí okùn. Ó gbọ́ tí à ń sọ Yorùbá, ó dúró.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ǹlẹ́ o. Kí lẹ ń yà lára ògiri ẹlẹ́gbin yìí?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ̀ ba. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ó wù mí ni, mà."

"Ó wù ọ́ kẹ̀? Kí o lè gbé e lọ hàn wọ́n nílé pé inú irú ibí là ń gbé? Pa á rẹ́."

Ó pa á rẹ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí màmá rí i pé a ò bá òun jiyàn, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó mú fóònù tirẹ̀ jáde láti inú ìró, ó fi ilé kan hàn wá: ọ̀dà funfun, géètì dúdú, táìsì láti ìsàlẹ̀ ògiri dé ojú fèrèsé. Ó ní, "Èjìgbò nìyí. Bí ẹ bá fẹ́ ya ilé mi, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ."

Ṣé ẹ gbọ́? Ọ̀dà ògiri Gonzagueville wà ní Èjìgbò. Owó tí ìbá fi rẹ́ ẹ̀yìn ilé tó ń gbé ti di bíríkì àti páànù lọ́hùn-ún. Onílé ò kùn ún, torí bó ṣe rí yẹn náà, owó ilé ń wọlé. Ayálégbé ò kùn ún, torí kì í ṣe ilé òun. Èyí pàápàá wà lára ohun tó ń jẹ ògiri, kò sì sí kámẹ́rà tó lè yà á bí ẹ ò bá bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ẹ wá dé Èjìgbò: púpọ̀ nínú ilé tí owó Abidjan kọ́ ni wọ́n tì pa, tí wọn kì í ṣí àfi nígbà ọdún. Ògiri ń dán, èèyàn ò sí nínú ilé.

Mo rò ó pé ohun tí màmá yẹn ṣe ò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn baba wa onífọ́tò ṣe ní ilẹ̀ náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ̀ pé ọwọ́ Yorùbá ni iṣẹ́ fọ́tò wà ní ọ̀pọ̀ ìlú tí Faransé ṣàkóso ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Òpìtàn ọmọ Faransé kan, Érika Nimis, kọ odindi ìwé lé e lórí, ó jáde ní 2005. Ó tọpa àwọn tó kúrò ní ìlú wa, tí wọ́n ṣí ilé fọ́tò káàkiri, Côte d'Ivoire náà wà níbẹ̀. Ọ̀gá ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ ń gba ìyọ̀ǹda, òun náà á tún ré kọjá sí ìlú mìíràn. Báwo ni àwọn wọ̀nyí ṣe ń ṣe ti ògiri? Wọ́n ń bò ó ni. Wọ́n á ta aṣọ sẹ́yìn, aṣọ tí wọ́n ya pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí, tàbí ọkọ̀ òfurufú, tàbí òdòdó. Ẹni tó ń gbé yàrá kan á wá dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú aago ọwọ́ àti rédíò, wọ́n á fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sílé. Ìyá tó bá gbà á ò ní rí sìmẹ́ńtì tó ń rún. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fọ fọ́tò aláwọ̀ gbòde, ní àwọn ọdún 1980 sí 1990, ọ̀pọ̀ ilé fọ́tò bẹ́ẹ̀ kógbá sílé. Ọmọ-ọmọ wọn ló wá ń ká aṣọ kúrò lójú ògiri báyìí, tó sì ń ya ògiri náà fúnra rẹ̀. Ẹ ò rí i pé màmá ní láti bínú.

Ọ̀pọ̀ ayàwòrán tó ń gba Gonzagueville kọjá kì í tilẹ̀ dúró. Grand-Bassam ni wọ́n ń lọ. Ní 1893 ni Faransé fi ibẹ̀ ṣe olú-ìlú Côte d'Ivoire. Ibà pọ́njú bẹ́ sílẹ̀ ní 1899, ó pa òyìnbó púpọ̀, ìyókù kó ìjọba lọ sí Bingerville ní 1900. Ilé ìjọba, ilé ẹjọ́, ilé ìfìwéránṣẹ́ àti ilé àwọn oníṣòwò ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Àwọn kan ti pàdánù òrùlé, igi hù gba inú fèrèsé wọn jáde. Ní 2012, UNESCO kọ orúkọ ìlú náà mọ́ ogún àgbáyé. Iyọ̀ kan náà ló ń jẹ Bassam àti Gonzagueville, láti inú òkun kan náà. Ọ̀kan di ogún, èkejì di ìtìjú. Lójú tèmi, kò sí nǹkan méjì tó fà á ju pé àwọn tó kọ́ ti Bassam ti kú, kò sí ẹni tó máa ti inú ilé jáde tó máa ní kí ẹ pa á rẹ́.

Bẹ́ẹ̀ àwọn ayàwòrán kan ti ya irú ibi báyìí dáadáa nílẹ̀ Áfíríkà. Joana Choumali, ọmọ Abidjan, lọ sí Bassam lẹ́yìn tí àwọn agbébọn ti pa èèyàn létíkun ibẹ̀ lọ́jọ́ 13 oṣù kẹta 2016. Ó fi fóònù ya ojú pópó àti àwọn tó ń dá rìn, ó tẹ fọ́tò náà sórí aṣọ, ó wá jókòó tì í pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú aláràbarà, ó ń rán ọnà sí i lára. Iṣẹ́ yẹn ló gba ẹ̀bùn Prix Pictet fún un ní 2019, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. François-Xavier Gbré ní tirẹ̀, tí wọ́n bí ní Lille ní 1978, ilé tí ìjọba pa tì ló ń wá. Ó ya ilé ìtẹ̀wé ìjọba tó di ahoro ní Porto-Novo; èèyàn kì í sábà sí nínú fọ́tò rẹ̀. Ní òkè òkun, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Brassaï ń ya ohun tí àwọn èèyàn họ sára ògiri Paris láti àwọn ọdún 1930, Aaron Siskind ní Amẹ́ríkà ń sún mọ́ ọ̀dà tó ń bó láti àwọn ọdún 1940 débi pé ẹ ò ní mọ̀ pé ògiri ni mọ́. Ti Brassaï wù mí ju ti Siskind lọ. Ọwọ́ èèyàn ṣì hàn níbẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà lára ògiri Abidjan tí kì í ṣe iyọ̀. Ọ̀dà pupa ni, àmì tí wọ́n máa ń fi sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Ẹ rántí pé ní oṣù kìíní 2020, wọ́n bá òkú ọmọdékùnrin ẹni ọdún 14 níbi táyà ọkọ̀ òfurufú kan tó gbéra ní Abidjan tó balẹ̀ sí Paris. Ìjọba ní àfi kí àyíká pápákọ̀ ṣófo, ni katakata bá wọ Adjouffou, ìtòsí Gonzagueville níbẹ̀. Ní 2024, ó kan Gesco ní Yopougon, ó kan Boribana ní Attécoubé. Lọ́jọ́ tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, fọ́tò ògiri kúrò lóhun tí à ń fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹni tó fẹ́ fi hàn pé òun ní yàrá mẹ́rin àti ṣọ́ọ̀bù kan síbẹ̀, kí ló máa gbé jáde? Ilé ti di ilẹ̀. Nọ́ńbà ilé, mítà iná, orúkọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ sókè ìlẹ̀kùn, ara ògiri ni gbogbo wọn wà.

Òkun náà ń wó tirẹ̀, kì í fi ọ̀dà sàmì. Yanrìn etíkun yẹn máa ń rìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ní 1950, wọ́n ṣí ipa omi Vridi kí ọkọ̀ ojú omi lè wọ inú ọ̀sà. Òkúta tí wọ́n tò sẹ́nu rẹ̀ ń dá yanrìn dúró, ọ̀gbun ńlá tó wà lábẹ́ òkun nítòsí ibẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Trou-sans-Fond, ń gbé òmíràn mì. Èyí tó yẹ kó dé Port-Bouët àti Gonzagueville ò wá tó mọ́, ìgbì sì ń jẹ ilẹ̀ wọlé. Ilé tó wà ní ìlà kejì lánàá á di ti ìlà àkọ́kọ́. Ẹ wo ògiri tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ síwájú bẹ́ẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ṣì máa ń dára ju ti àwọn tó ti lọ, torí àwọn ilé iwájú ló ń bá a gba iyọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ilé wa níbí náà, ẹ ò gbàgbé ilé Ilojo Bar ní Tinubu, Èkó. 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ọ, ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n wó o lọ́jọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2016. Ayàwòrán kan, Amanda Iheme, ti yà á kó tó wó. Ní 2023, fọ́tò rẹ̀ wà lára ohun tí Museum of Modern Art ní New York pàtẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ara ilé yẹn ṣe rí, fọ́tò irú èyí ló kù tó lè wò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé fóònù jáde: ẹ kí onílé kí ẹ tó kí ògiri. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má yà á, ẹ fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, ẹ kọ́kọ́ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kí ilé látòkè délẹ̀ wọlé, kí ojú ọ̀nà wà níbẹ̀, kí ẹ tó sún mọ́ ọ̀dà tó ń bó. Ẹni tó ń wá ẹ̀rí ilé ò rí nǹkan fi ọ̀dà nìkan ṣe. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yà á sílẹ̀, ẹ kọ àdúgbò, ẹ kọ apá tí ògiri náà kọjú sí, ẹ tẹ ọ̀kan jáde sórí pépà fún àwọn tó ń gbé inú ilé.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà ní Gonzagueville, ní Anani, ní Adjouffou, àpótí yín ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ tú. Fọ́tò ìkómọ, fọ́tò ọdún Iléyá, fọ́tò ọmọ tó kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, èyíkéyìí tí wọ́n yà síta láìta aṣọ sẹ́yìn. Ilé kan á hàn lẹ́yìn àwọn èèyàn inú rẹ̀, ó lè jẹ́ èyí tí òkun ti gbé lọ. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú bíró, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ yà á sínú fóònù.